Ẹ̀ẹ̀mẹta Lẹ́yìn Tí Igi Bá Wó

Ojo ni mí. Mo fẹ́ kí ẹ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà kà á dé ìdajì kó máa rò pé akọni ọkùnrin kan ló ń sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀rù ejò. Mo bẹ̀rù omi. Mo bẹ̀rù àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ti Ibese bọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ igi ní ilé-ìwé girama kan ní Ayétòrò, kò sì sí ọjọ́ kan tí mo jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kan ayùn láìjẹ́ pé mo dúró tì í. Síbẹ̀, bí ẹ bá wọ ẹ̀yìnkùlé mi lónìí, ẹ ó bá ẹ̀rọ ìgégi méjìlá lórí tábìlì. Gbogbo wọn ló dàgbà ju àwọn ọmọ mi lọ, kò sì sí èyí tí kò lè gé ẹsẹ̀ ènìyàn kó tó ṣẹ́jú.

Ìyàwó mi ní orogún òun ni wọ́n. Ó ní òun ò tíì rí orogún tó ń mu pẹtiróòlù tó sì ń da ọ́ìlì sílẹ̀ rí. Bí àlejò bá bi í pé kí ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, á ní, "Ó ń tọ́jú àwọn aláìsàn rẹ̀," á wá nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé.

Àwọn ẹ̀rọ tí mò ń wí yìí kì í ṣe àwọn oníke tuntun tí wọ́n ń tà lọ́jà nísinsìnyí. Irin ni tèmi, irin àtijọ́ tí wọ́n fi gé igbó ọba nígbà tí igi ńláńlá ṣì wà. Ẹ́ńjìnnì èyí tó tóbi jù nínú wọn tó ti ọkadà, ọwọ́ méjì péré lènìyàn sì fi ń dì í mú. Àwọn tuntun ní bíréèkì. Bí ẹ̀rọ bá ta padà sójú ẹni, ṣéènì á dúró. Tèmi kò ní. Bó bá ta padà, ojú lo máa fi gbà á. Okùn tí à ń fà láti fi tan án gan-an lè fà padà mọ́ni lọ́wọ́ kó ṣẹ́ni níka. Àtàǹpàkò ọ̀tún mi wọ́ títí dòní.

Ẹ ó ní kí ló wá dé. Èmi náà bi ara mi. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, lẹ́yìn àdúrà, mo máa ń gbé ọ̀kan jáde, mo máa wo gbogbo bóòtù ara rẹ̀, mo máa po pẹtiróòlù mọ́ ọ́ìlì fún un, mo máa tan án. Àyà mi á máa já. Mo máa gé ègé kan ṣoṣo lára ìtì igi tó wà nílẹ̀, fẹ́lẹ́ bí iṣu tí wọ́n fẹ́ dín, mo máa pa á. Bí mo bá ti bẹ̀rù dáadáa láàárọ̀ Sátidé, n kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù mọ́ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Bóyá ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rù tí mo bá fúnra mi fà lókùn sàn fún mi ju èyí tó bá mi lójijì lọ.

Mọ́kànlá nínú wọn ni mo gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó irin àlòkù kiri Ìlaròó àti Ọjà-Ọ̀dàn, àwọn tí ì bá fọ́ wọn sí wẹ́wẹ́. Mẹkáníìkì kan wà ní òdìkejì bọ́dà, lápá Kétu, tó ń bá mi wá ẹ̀yà ara wọn. "Bujì" ló ń pe póláàgì, ó sì ti ràn mí. Ìyàwó mi ní mo ti di ará Bẹ̀nẹ̀. Ṣùgbọ́n èkejìlá, èyí tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, n kò rà á. Wọ́n fún mi ni.

Màmá Oko ló fún mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, oko tó ń gbé lọ́nà Eggua la sì fi ń pè é. Ọmọ kátíkíìsì ni àwọn méjèèjì. Ìyá mi fẹ́ tíṣà bí bàbá wọn ṣe fẹ́. Màmá Oko fẹ́ onígẹdú. Wọ́n ní bàbá wọn kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọdún kan gbáko. Ọkọ rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Onígẹdú, jẹ́ ọkùnrin gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́. Ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń bá a sọ ìyókù. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń lo họlidé ní kékeré, ibẹ̀ ni mo sì ti mọ ìró ẹ̀rọ náà, ohùn kan tó nípọn, tó máa ń wúkọ́ díẹ̀ kó tó ròkè.

Kò sí fóònù nígbà náà. Etí ni aya onígẹdú fi ń ṣọ́ ọkọ rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń dún nínú igbó, ọkùnrin náà ń bẹ láàyè. Bí igi bá wó, ilẹ̀ á mì tìtì, ẹ̀rọ á sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló burú, torí ẹni tó wà nílé kò mọ̀ bóyá igi nìkan ló ṣubú. Nítorí náà, àwọn onígẹdú àdúgbò yẹn ní àṣà kan. Bí igi bá ti balẹ̀ tán, kí wọ́n tó pa ẹ̀rọ, wọn á tẹ iná mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹta kó ké: vùùn, vùùn, vùùn. Ohun tó ń sọ ni pé, igi ló wó, èmi kọ́. Màmá Oko á dá ọwọ́ dúró lórí ohunkóhun tó bá ń ṣe títí ẹ̀ẹ̀mẹta á fi pé. Á ní, "Ẹ ṣeun, Olúwa," á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ ọkọ rẹ̀ sínú abọ́. Mo mọ èyí bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Ibi tí mo gbé e sí nínú ọpọlọ mi ní gbogbo ọdún tó tẹ̀lé e ni n kò mọ̀.

Mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ nígbà tí Bàbá Onígẹdú kú. Màmá Oko ń yan gààrí lọ́jọ́ náà. Ó gbọ́ tí igi wó. Kò gbọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta. Gààrí ti wà nínú agbada, iná sì ti jó dáadáa, ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá epo ló tán nínú ẹ̀rọ, kí òun yan èyí tó wà lórí iná tán ná. Nígbà tó fi débẹ̀, igi wà lórí ọkọ rẹ̀. Ara rẹ̀ ṣì gbóná. Láti ọjọ́ náà Màmá Oko kò yan gààrí mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, àbúrò mi tó ń bá a gbé, ló ń yan án.

Ẹ̀rọ náà wà lókè àjà, nínú àpò ìrẹsì, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí Màmá Oko gbọ́ pé mo ti ń kó irú wọn jọ, ó ní kí n wá gbé e. Ó ní, "Gbé e lọ, kí ojú mi má rí i mọ́." Ó wá rẹ́rìn-ín, torí ojú náà ti ń ṣú nígbà yẹn. Ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ló ń rí.

Láti ẹ̀ẹ̀rùn títí òjò fi dé ni mo fi tún un ṣe. Agbọ́n ti mọlé sínú ibi tí èéfín ń gbà jáde. Gbogbo rọ́bà inú kabúrétọ̀ ti le bí ẹran gbígbẹ. Ọjọ́ tó dún lákọ̀ọ́kọ́, tó wúkọ́, tó wá ròkè, n kò mọ ìgbà tí omijé já lójú mi. Mo rí ara mi ní ṣòkòtò péńpé ní ẹnu ọ̀nà Màmá Oko. Ká ní mo mọ̀wọ̀n ara mi ni, ibẹ̀ ni ǹ bá fi í sí.

Ní àárín òjò ni àbúrò mi pè mí. Ìjì ti fa arère ńlá kan tu díẹ̀, ó sì ti dagun sórí ọ̀nà oko wọn. Àwọn ọlọ́kadà tó ń bá wọn kó ẹ̀gẹ́ ní àwọn ò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá mọ́. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, mò ń bọ̀ ní Sátidé. Ẹ̀rọ mọ́kànlá wà níbẹ̀ tí mo lè mú. Mo mú èkejìlá. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú igbó tirẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Èmi tí mo fi ọ̀rọ̀ yìí bá àwọn ọmọ ilé-ìwé wí títí ẹnu mi fi bó.

Nígbà tí mo dé, mo dọ̀bálẹ̀ kí Màmá Oko ní iwájú ilé. Ó fọwọ́ pa mí lórí. Mo ti fi ẹ̀rọ sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú ọlọ́kadà.

Ó bi mí pé, "Èwo lo gbé wá nínú wọn?"

"Ọ̀kan nínú wọn ni, Màmá."

"Ó lágbára tó? Igi yẹn tóbi o."

"Ó lágbára, Màmá. Ẹ má ṣèyọnu."

N kò parọ́. N kò sì sọ òótọ́. Mo rò pé bó bá gbọ́ ọ, inú rẹ̀ á dùn. Bí mo sì ti ń rò ó bẹ́ẹ̀, nǹkan kan nínú mi ń sọ pé ká ní ó dá ọ lójú, ǹjẹ́ o ò bá ti sọ fún un?

Igi náà tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ilé. Ọlọ́kadà já mi sílẹ̀ ó sì padà. Èmi nìkan ló kù pẹ̀lú arère, ìyẹn sì jẹ́ ìwà òmùgọ̀ fún ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Igi náà dagun, gbogbo ìwúwo rẹ̀ sì wà lára gbòǹgbò tó ti já tán díẹ̀. Bí ènìyàn bá gé e níbi tí kò yẹ, ó lè ya sí méjì kó fi ìdí gbá a láyà. Mo fa okùn, ẹ̀rọ wúkọ́, ó sì ròkè. Igbó gbà á. Àwọn ẹyẹ fò. Mo gé abẹ́ rẹ̀ díẹ̀, mo wá bọ́ sókè rẹ̀, mò ń ka Orin Dáfídì kẹtàlélógún sábẹ́ eyín láìmọ ibi tí mo ka á dé. Lẹ́ẹ̀kan náà igi náà kérora. Mo sá sẹ́yìn. Ó wó, ilẹ̀ mì, ewé àti eruku bò mí.

Ẹ̀rọ kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo dúró. Mo fọwọ́ kan orí mi, àyà mi, orúnkún mi méjèèjì. Gbogbo rẹ̀ pé. Mo rẹ́rìn-ín bí wèrè. Lẹ́yìn náà ni mo gbójú sókè tí mo rí i pé ẹ̀ka ńlá kan ti já lára arère náà bó ṣe ń ṣubú, ó sì ti há sórí igi kejì, ó rọ̀ dirodiro lórí ọ̀nà, ó tóbi tó òpó iná. Kò sí ohun tó dì í mú ju ìtàkùn lọ. Mo mọ̀ pé kí n má gba abẹ́ rẹ̀.

Mo fa okùn kí n lè gé ìtì náà kúrò lọ́nà. Kò dún. Mo fà á títí èémí mi fi fẹ́ tán. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí ara wọn bá ti gbóná. Wọn á fa epo jù, wọn á wá kọ̀. Mo jókòó sórí ìtì igi, mo tú bujì rẹ̀, mo ń fi etí ẹ̀wù mi nù ún, mò ń bá a sọ̀rọ̀ burúkú. Mo wo fóònù mi lẹ́ẹ̀kan. Ó ti lọ so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Bẹ̀nẹ̀, ó ń kí mi káàbọ̀ ní Faransé. Mo fi í sápò. Bóyá ó tó ìdajì wákàtí tí mo fi wà níbẹ̀.

Àbúrò mi ló já sí mi lẹ́yìn, ó ń mí gúlegúle, ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ wà lápá rẹ̀ dé ìgúnpá.

"Ẹ̀gbọ́n, Màmá ńkọ́?"

"Màmá wo?"

"Màmá wa! Wọn ò sí nílé. Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, mò ń rẹ́ ẹ̀gẹ́. Mo pè yín títí, fóònù yín ò lọ. Mo rò pé ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n wà."

Mo dìde, bujì bọ́ lọ́wọ́ mi. Obìnrin tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí kò ríran, ti wọ igbó. Láàárín ilé àti ibi tí a dúró sí, kòtò ńlá kan wà tí àwọn tó wá wa yẹ̀pẹ̀ fún ọ̀nà fi sílẹ̀ láìdí, òjò sì ti kún inú rẹ̀. Níwájú wa, ẹ̀ka igi kan rọ̀ sórí ọ̀nà, kò sí ẹni tó mọ ìgbà tó máa já. Bí Màmá Oko bá bọ́ sí ọ̀kan nínú méjèèjì, èmi ni mo pa á.

A bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo ń pariwo, "Màmá! Màmá o!" Igbó dá mi lóhùn, Màmá kò dáhùn. Àbúrò mi di apá mi mú.

"Ẹ̀gbọ́n, wọn ò ní dáhùn. Wọn kì í dáhùn ìpè nínú igbó. Wọ́n ní ẹni tí ojú ò bá rí, ẹnu ò gbọdọ̀ dá a lóhùn."

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Màmá Oko fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi, ní ọ̀nà oko kan náà yẹn: bí nǹkan bá pè ọ́ nínú igbó tí o ò rí i, pa ẹnu mọ́, ó lè má jẹ́ ènìyàn. Ọmọ kátíkíìsì ni o, ṣùgbọ́n ìyẹn kò kan ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ṣeé ṣe kó wà níbì kan tí kò jìnnà, kó máa gbọ́ wa, kó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ní etí kòtò la ti rí sálúbàtà rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ó dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

Mo ti sọ fún yín pé mo bẹ̀rù omi. N kò mọ̀wẹ̀, láti kékeré sì ni n kì í wọ omi tó bá kọjá orúnkún mi. Mo wọ kòtò náà pẹ̀lú bàtà àti ṣòkòtò. Omi dé àyà mi, ó pupa bí omi tí wọ́n po amọ̀ sí, n kò rí ọwọ́ ara mi nínú rẹ̀. Mo ń fi ẹsẹ̀ táràrà ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kan nǹkan kan tó rọ̀, tó dà bí aṣọ. Mo pariwo kí n tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo di èémí mú, mo rì, mo fà á sókè, ojú mi dí pátápátá torí n kò fẹ́ rí i. Àpò sìmẹ́ǹtì ni. Mo tún padà. Mo ń fọwọ́ wá ojú Màmá Oko nínú ẹrẹ̀, mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí n má rí i.

Àbúrò mi dúró sókè, ó káwọ́ lérí, ó ń sunkún. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Lójijì ó dákẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Nígbà tí igi wó, ṣé ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta?"

Mo dúró nínú omi. Mo wò ó.

"Ẹ́ńjìnnì bàbá mi lẹ gbé wá. Mo gbọ́ ọ. Bí èmi bá mọ̀ ọ́n, mélòómélòó ni Màmá? Ṣé ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta?"

Òtútù tó mú mi nígbà náà kì í ṣe ti omi. Mo rí i gbangba: Màmá Oko lórí àpótí níwájú ilé, tó gbọ́ ẹ̀rọ ọkọ rẹ̀ tó wúkọ́, tó ròkè. Ó gbọ́ tí igi wó. Ó dá ọwọ́ dúró, ó ń retí. Ó wá bá ìdákẹ́jẹ́ kan náà pàdé, lẹ́ẹ̀kejì láyé rẹ̀.

N kò mọ bí mo ṣe jáde nínú kòtò. Mo ní kí àbúrò mi padà lọ wo ọ̀nà ilé, mo sì sáré padà síbi ẹ̀rọ. Bó bá gbọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta, yóò mọ ibi tó yẹ kó kọrí sí. Ohùn ènìyàn ni kò ní dáhùn. Ti ẹ̀rọ kì í ṣe ohùn ènìyàn. Ṣùgbọ́n bujì ti sọnù sínú ewé. Mo kúnlẹ̀, mò ń fi ọwọ́ tú ewé kiri. Nígbà tí mo rí i, ọwọ́ mi tutù débi pé n kò lè dè é sójú ihò. Mo fi ewé gbígbẹ nù ún, torí kò sí ibi tó gbẹ lára mi. Mo dè é. Mo fa okùn. Kò dún. Mo fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fà padà mọ́ mi lọ́wọ́, àtàǹpàkò mi tó ti wọ́ tẹ́lẹ̀ ró pọ́ńkán. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ kí n tó mọ ìrora rẹ̀. Mo fi ọwọ́ òsì fà á. Mo bẹ ẹ̀rọ náà. Mo pè é ní bàbá. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, nítorí ìyàwó yín."

Ó wúkọ́. Ó ròkè.

Vùùn. Vùùn. Vùùn.

Mo dúró, mo tún ṣe é. Mo ń wo ọ̀tún, mò ń wo òsì. Ewé kan mì lápá ọ̀nà, ní òdìkejì ẹ̀ka tó rọ̀. Màmá Oko, tó ti gba inú igbó kọjá wa láìmọ̀, jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wọ bàtà, èkejì kò wọ̀. Gèlè ti bọ́ lórí rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń bọ̀ tààrà síbi tí ohùn ti ń wá, ọ̀nà tó sì gbà ni abẹ́ ẹ̀ka náà.

Mo fẹ́ pariwo pé kó dúró. Bó bá dúró, abẹ́ rẹ̀ gan-an ló máa dúró sí. Bí mo bá pa ẹ̀rọ, yóò dúró. Mo tẹ iná mọ́ ọn, mo jẹ́ kó máa ké, mo sì ń fi ẹ̀yìn rìn, ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó lè máa tẹ̀lé mi. Ìtàkùn tó di ẹ̀ka náà mú ń mì lókè orí rẹ̀. Èèpo igi ń jábọ́ sí i léjìká, ó ń fọwọ́ gbá a dànù bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá. Ìgbésẹ̀ márùn-ún. Màmá kọjá tán.

Ó ṣì ń bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ níwájú, sí ṣéènì tó ń yí tí kò ní bíréèkì. Mo pa ẹ̀rọ, mo jù ú sẹ́yìn mi, mo sì fi àyà mi gba ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Mo di í mú. Gbogbo egungun rẹ̀ kò ju ti adìẹ lọ. Ó fọwọ́ wá ojú mi, etí mi, ó rí i pé mo tutù rinrin.

"Ìwọ ni," ó ní.

"Èmi ni, Màmá. Ẹ forí jì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Látìgbà tó ti dún ni mo ti mọ̀. Kì í ṣe pé mo ti ń ṣarán. Ọkọ mi ti kú, mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin ín." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo retí ẹ̀ẹ̀mẹta, kò dún. Ẹsẹ̀ mi ò bi mí léèrè. Lọ́tẹ̀ yìí, n ò dúró parí nǹkan kan."

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ̀ka náà já sí, ilẹ̀ mì, a sì jọ gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Ó di mí mú gírígírí títí gbogbo rẹ̀ fi dákẹ́.

"Igi ló wó?" ó bi mí.

"Igi ló wó, Màmá. Èmi kọ́."

"Ẹ ṣeun, Olúwa," ó ní.

Àbúrò mi dé bá wa níbẹ̀, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Màmá Oko kò tilẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó ní kó má dúró wò wá bẹ́ẹ̀, kó sáré lọ sílé lọ bu oúnjẹ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí a délé, ọwọ́ òsì ni mo fi jẹ ẹ́, ìdí rẹ̀ sì yé àwọn méjèèjì. Màmá Oko gbé àpótí rẹ̀ sún mọ́ mi, ó jókòó, ó ń gbọ́ bí mo ṣe ń jẹun títí mo fi jẹ ẹ́ tán.